Heinrich Hertz, Ẹni tí ó Kọ́kọ́ Fi Ìgbì Rédíò Han Aráyé

Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ ní ìlú kan, kí a tó ṣẹ́jú, ohùn rẹ̀ ti dé etí ẹni tí ó wà ní ìlú mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí okùn tí ó so ìlú méjèèjì pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò jọ ẹnikẹ́ni lójú mọ́. Ṣùgbọ́n ní àárín ọ̀rúndún tí ó kọjá lọ́hùn-ún, kò sí ẹni tí ó lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé irú ìgbì tí ń gbé ohùn bẹ́ẹ̀ wà láyé rárá, áḿbọ̀sì kí ó dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọkùnrin tí ó kọ́kọ́ ṣe é kì í ṣe ọba, kì í ṣe jagunjagun, kì í sì í ṣe oníṣòwò ńlá. Olùkọ́ ni. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ṣe púpọ̀ nínú àwọn irinṣẹ́ rẹ̀, ọmọ ọdún 36 péré sì ni nígbà tí ó kú. Orúkọ rẹ̀ ni Heinrich Hertz.

Ìlú Hamburg, ìlú èbúté ńlá kan ní ìhà àríwá ilẹ̀ Jámánì, ni a bí i sí ní ọjọ́ 22 oṣù Èrèlè, ọdún 1857. Gustav Hertz, agbẹjọ́rò tí ó di ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso ìlú náà nígbà tí ó yá, ni baba rẹ̀. Ẹ̀yà Júù ni àwọn baba ńlá rẹ̀ níhà ti baba, ṣùgbọ́n ìdílé náà ti gba ẹ̀sìn Krístì kí a tó bí i. Nígbà ayé Heinrich, ọ̀rọ̀ yìí kò dí i lọ́wọ́ púpọ̀; lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ó wá di wàhálà.

Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni yóò ti máa ṣe ẹnu ṣámúṣámú. Láti ìgbà èwe ọmọ yìí ni a ti rí ohun méjì lára rẹ̀ tí kì í sábà pàdé lára ẹnì kan ṣoṣo. Èkíní ni ìfẹ́ ìwé. Ó kọ́ èdè Látìnì àti Gíríìkì, kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn títí ó fi kọ́ èdè Lárúbáwá pẹ̀lú. Èkejì ni ìfẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi, a máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láti kọ́ bí a ti ń fi ìwọ̀n ya àwòrán. Ó kọ́ bí a ti ń lo ayùn àti òòlù, ó sì lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ó kọ́ ọ bí a ti ń fi ẹ̀rọ yí igi kí a sì gbẹ́ ẹ kí ó lè rí róbótó. Nínú ilé òbí rẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àwọn irinṣẹ́ ìwádìí kéékèèké. A gbọ́ pé nígbà tí ọ̀gá náà mọ̀, lẹ́yìn ọdún púpọ̀, pé ọmọ iṣẹ́ òun ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ náà dùn ún, nítorí ó gbà pé oníṣẹ́ igi tí ìbá lókìkí ni ayé pàdánù. Kò mọ̀ pé iṣẹ́ tí òun kọ́ ọmọ náà kò lọ lásán.

Nígbà tí ó yege nínú ìdánwò àṣejáde ní ọdún 1875, Heinrich rò pé iṣẹ́ àwọn tí ń kọ́ afárá àti ilé ńlá ni òun yóò ṣe. Ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní Frankfurt, ó kàwé díẹ̀ ní Dresden, ó sì fi ọdún kan ṣe iṣẹ́ ológun ní Berlin gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ wọn. Ní ọdún 1877 ó dé Munich láti tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀kọ́ náà. Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti pín sí méjì. Ó rí i pé ohun tí ó ń wu òun gan-an ni físíìsì, èyíinì ni ìwádìí nípa ìmọ́lẹ̀ àti ooru, ìró àti mànàmáná. Iṣẹ́ afárá ní owó nínú. Ti ìwádìí kò dájú. Heinrich kò ṣe orí kunkun. Ó kọ̀wé sí baba rẹ̀, ó sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún òun láṣẹ. Baba rẹ̀ yọ̀ǹda fún un.

Ní ọdún 1878 ó lọ sí yunifásítì Berlin, níbi tí Hermann von Helmholtz ti ń kọ́ni. Helmholtz jẹ́ àgbà ọ̀mọ̀wé tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri Yúróòpù nígbà náà. Kò pẹ́ tí ó fi rí i pé ọmọ Hamburg yìí yàtọ̀ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù. Heinrich gba ẹ̀bùn ìwádìí ní ọdún 1879, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1880, Helmholtz sì mú un ṣe igbákejì rẹ̀ nínú ilé ìwádìí fún ọdún mẹ́ta.

Ní àkókò yìí, ìbéèrè kan wà tí ó ń da àwọn ọ̀mọ̀wé láàmú. James Clerk Maxwell, ọmọ ilẹ̀ Sikọ́tilándì, ti tẹ ìṣirò kan jáde ní ọdún 1865. Ìṣirò náà fi hàn pé bí agbára mànàmáná bá ń mì síwá sẹ́yìn, ìgbì yóò ti ara rẹ̀ jáde lọ sínú òfurufú, bí ìgbì omi ti í tàn kálẹ̀ nígbà tí a bá sọ òkúta sínú odò. Ó fi hàn pẹ̀lú pé ìgbì náà yóò máa yára gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀, èyí tí ń rìn tó kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àti pé ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú irú ìgbì bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dára létí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tí ì rí ìgbì náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Jámánì ni kò gbà á gbọ́. Wọ́n rò pé ńṣe ni agbára mànàmáná ń fò láti ibì kan dé ibòmíràn lẹ́ẹ̀kan náà, láìlo àkókò kankan lójú ọ̀nà. Maxwell kú ní ọdún 1879 láì rí ẹlẹ́rìí fún ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1879 náà, Helmholtz rọ Heinrich pé kí ó gbìyànjú láti yanjú apá kan nínú ìbéèrè yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà jókòó, ó ṣe ìṣirò, ó sì rí i pé kò sí irinṣẹ́ kan nígbà náà tí ó lè mú mànàmáná mì kánkán tó. Ó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n fífi nǹkan sílẹ̀ yàtọ̀ sí gbígbàgbé rẹ̀. Ìbéèrè náà wà ní igun ọkàn rẹ̀ fún ọdún méje.

Ní ọdún 1883 ó lọ kọ́ni ní Kiel. Kò sí ilé ìwádìí tí ó péye níbẹ̀, nítorí náà ìwé Maxwell ni ó dojú kọ. Ní ọdún 1885 a fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Karlsruhe, níbi tí irinṣẹ́ wà. Ní ọdún 1886 ó gbé Elisabeth Doll, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní ìyàwó. Ní ọdún yìí kan náà ni ohun tí ó ti ń wá tọ̀ ọ́ wá láìròtẹ́lẹ̀.

Àwọn okùn bàbà méjì tí a ká bí ìgbín wà nínú yàrá irinṣẹ́, èyí tí a máa ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí Heinrich ti ń lò wọ́n, ó kíyè sí i pé nígbà tí ẹ̀ta iná kan bá ta níbi okùn kìíní, ẹ̀ta iná kékeré a sì ta níbi okùn kejì, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò kan ara wọn. Ẹlòmíràn lè rí i kí ó kọjá lọ. Heinrich dúró. Ó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ẹ̀ta iná kejì ti wá, ó sì rántí ìbéèrè ọdún 1879. Ó mọ̀ pé ẹ̀ta iná lè jẹ́ kọ́kọ́rọ́ tí òun ti sọ nù.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọgbọ́n tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá tẹ ẹ̀ka igi tútù, tí a sì jù ú sílẹ̀ lójijì, kì í padà sí àyè rẹ̀ kí ó sì dúró jẹ́ẹ́. Yóò kọ́kọ́ máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí ẹ̀ka náà bá kúrú tí ó sì le, mímì rẹ̀ a yára. Bẹ́ẹ̀ ni mànàmáná rí. Heinrich mú bọ́ọ̀lù síǹkì méjì tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30. Ó so òpó bàbà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ orí àwọn òpó náà sí ara wọn, ó sì fi àlàfo tóóró sílẹ̀ láàárín wọn. Ó wá ń fi ẹ̀rọ rọ agbára mànàmáná sínú bọ́ọ̀lù méjèèjì. Afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú àlàfo náà kò jẹ́ kí agbára náà kọjá, títí yóò fi pọ̀ ju ohun tí afẹ́fẹ́ lè dá dúró lọ. Nígbà náà ni àlàfo yóò já lójijì, ẹ̀ta iná yóò ta, agbára yóò sì ṣàn láti bọ́ọ̀lù kan sí èkejì, yóò padà, yóò tún lọ, bí ẹ̀ka igi tí a jù sílẹ̀. Mímì yìí tó ìgbà mílíọ̀nù 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí ó rò ní ọdún 1879 pé kò ṣeé ṣe ni ó ti ṣe yìí.

Ó kù kí ó mọ̀ bóyá ìgbì ń jáde lọ lóòótọ́. Fún èyí, kò ṣe ju pé ó tẹ okùn bàbà kan bí òrùka, tí ó sì fi àlàfo tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jọjọ sílẹ̀ ní ẹnu rẹ̀. Bí ìgbì bá kọ lu òrùka náà, ẹ̀ta iná yóò ta nínú àlàfo yìí. Ẹ̀ta iná náà kò gùn ju ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ìpín mìlímítà kan lọ, kì í sì í pẹ́ kí ó tó kú. Ọkùnrin náà a ti gbogbo fèrèsé, a jókòó nínú òkùnkùn títí ojú rẹ̀ yóò fi mọ́ ọn, a sì máa ṣọ́ ìmọ́lẹ̀ tí kò tó ti tanná-tanná. Oṣù lé oṣù ni ó fi ṣe èyí.

Nínú òkùnkùn yìí ni ó ti rí ohun mìíràn tí kò wá. Ní ọdún 1887, kí ó lè rí ẹ̀ta kékeré náà dáadáa, ó fi àpótí dúdú bò ó. Ó yà á lẹ́nu pé ẹ̀ta náà tún kéré sí i. Dípò kí ó bínú, ó wádìí rẹ̀, ó sì rí i pé irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kò lè rí, tí ó ń jáde láti inú ẹ̀ta ńlá, ni ó ń ran ẹ̀ta kékeré lọ́wọ́. Ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ láìfi kún un, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1905 ni Albert Einstein wá ṣàlàyé ìdí rẹ̀, àlàyé náà sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìpìlẹ̀ físíìsì òde òní.

Ní ọdún 1888, Heinrich kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sínú gbọ̀ngàn ńlá tí ó ti ń kọ́ni. Ó fi páànù síǹkì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 2, bo ara ògiri kan. Ó mọ̀ pé bí ìgbì bá kọ lu páànù náà, yóò padà wá pàdé èyí tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ibi tí méjèèjì bá ti gbe ara wọn, ẹ̀ta iná yóò lágbára. Ibi tí wọ́n bá ti pa ara wọn, kì yóò sí rárá. Ó gbé òrùka rẹ̀ rìn láti ibi ògiri wá sí àárín gbọ̀ngàn. Ẹ̀ta ta, ó kú, ó tún ta, ó tún kú, ní àyè tí ó jìnnà sí ara wọn déédé. Ìgbì nìkan ni í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Maxwell ti rí ẹlẹ́rìí.

Kò dúró níbẹ̀. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà, ó tẹ páànù síǹkì kọdọrọ bí awò ńlá méjì, ó fi ọ̀kan darí ìgbì lọ tààrà, ó sì fi èkejì gbà á. Gígùn ìgbì tuntun yìí, láti orí kan dé èkejì, jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 66. Ó ti ilẹ̀kùn onígi sáàárín. Ìgbì gba inú rẹ̀ kọjá. Ènìyàn kọjá láàárín. Ẹ̀ta iná kú. Ó da ọ̀dà líle sínú àpótí onígun mẹ́ta títí ó fi wúwo tó kìlógíráàmù 600, ó sì rán ìgbì gba inú rẹ̀. Ìgbì náà yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, gan-an gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ ti í yà nígbà tí ó bá gba inú gíláàsì onígun mẹ́ta kọjá. Nígbà náà ni àwọn tí kò gbà tẹ́lẹ̀ gbà pé ọmọ ìyá ni ìmọ́lẹ̀ àti ìgbì mànàmáná.

Iṣẹ́ tí ènìyàn bá ṣe kò lè ṣàì ní àbùkù. Henri Poincaré, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Faransé, rí i ní ọdún 1890 pé ìṣirò Heinrich kan nípa ìyára mímì náà kò pé. Heinrich kò jà, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Nígbà tí ó kó gbogbo àròkọ rẹ̀ jọ sínú ìwé kan ní ọdún 1892, ó tọ́ka sí àṣìṣe náà fúnra rẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

Òkìkí rẹ̀ kàn. Ní ọdún 1889 a pè é sí yunifásítì Bonn, ní ọdún 1890 ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Rumford ní Lọ́ńdọ̀nù. Síbẹ̀ kò gbéraga, ó sì máa ń gbé ògo náà fún Maxwell àti Helmholtz. Nígbà tí onímọ̀ ẹ̀rọ kan kọ̀wé bi í ní ọdún 1889 bóyá a lè fi ìgbì náà gbé ọ̀rọ̀ láìlo okùn, Heinrich ṣe ìṣirò, ó sì fèsì pé kò dàbí ohun tí ó lè ṣeé ṣe. Ó mọ bí ìgbì tí ń gbé ohùn lásán yóò ti gùn tó, ó sì mọ̀ pé kò sí awò tí ó lè tóbi tó láti darí irú rẹ̀. Òtítọ́ ni ìṣirò náà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí kò tí ì hàn sí ẹnikẹ́ni nígbà náà, èyíinì ni pé kí a gbé ohùn gun ẹ̀yìn ìgbì kúkúrú bí ẹni gun ẹṣin.

Ní ọdún 1892 àìsàn dé. Orí ń fọ́ ọ, egbò mú un nínú imú àti ọ̀fun, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò sì sàn. Ó ń kọ́ni bí ó ti ń jẹ̀rora, ó sì ń kọ ìwé kan lórí ìpìlẹ̀ ìmọ̀ nípa ohun tí ń rìn àti agbára. Ó parí ìwé náà, ṣùgbọ́n kò rí i ní títẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 1894, ó kú ní Bonn. Ó fi ìyàwó sílẹ̀ àti ọmọbìnrin méjì, Johanna àti Mathilde. Èyí àbúrò kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Òbí rẹ̀ méjèèjì ṣì wà láàyè. Olúkọ́ rẹ̀ arúgbó, Helmholtz, ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìwé tí ó fi sílẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, òun náà ti tẹ̀lé e.

Ikú rẹ̀ ni ó mú kí iṣẹ́ náà dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Ní ọdún 1894 yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ítálì kan, Guglielmo Marconi, ka àròkọ tí a kọ ní ìrántí Heinrich. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀ta iná rán àmì ọ̀rọ̀, nígbà tí yóò sì fi di oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1901, àmì rẹ̀ ti la òkun Àtìláńtíìkì kọjá. Láti inú iṣẹ́ yìí ni rédíò ti jáde, àti tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959. Ẹ̀rọ tí a fi ń dá ìgbì sílẹ̀ ti yí padà lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ ti rí i pé bí a bá ti agbára mànàmáná ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lójijì wọ inú okùn tí a ṣètò lọ́nà pàtàkì, tí ìṣe rẹ̀ ń yí padà bí agbára náà bá ti ń pọ̀ sí i, títì kan ṣoṣo náà yóò fọ́ sí ọ̀wọ́ ìgbì rédíò kí ó tó dé òpin okùn. Nínú èyí pẹ̀lú, agbára tí a tú sílẹ̀ lójijì ni a sọ di ìgbì, bí Heinrich ti ṣe.

Ṣùgbọ́n ayé kò ṣe é dáadáa fún ìdílé rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Hitler dé ní ọdún 1933, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tọpa ẹ̀jẹ̀ Júù kiri, wọ́n sì yọ àwòrán Heinrich kúrò nínú gbọ̀ngàn ìlú Hamburg. Mathilde, tí ó ti di onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ẹranko, kò rí àyè ṣiṣẹ́ mọ́. Ìyá àti àwọn ọmọ rẹ̀ fi ilẹ̀ Jámánì sílẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ó lé wọn rò pé orúkọ náà yóò parẹ́. Kò parẹ́. Láti ọdún 1930 ni àwọn onímọ̀ mànàmáná ti fi orúkọ Hertz pe òṣùwọ̀n tí a fi ń ka mímì ìgbì, ní ọdún 1960 gbogbo ayé sì fọwọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wá ilé iṣẹ́ rédíò lórí mégáhẹ́ẹ̀sì 100, orúkọ ọmọ Hamburg náà ni ó ń pè.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni ayé ọkùnrin yìí jẹ́ fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn kan ń rò pé ẹni tí ó mọ̀wé kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan ayùn, àwọn mìíràn sì ń rò pé oníṣẹ́ ọwọ́ kò nílò ìwé. Ìwé ni ó sọ fún Heinrich ohun tí ó yẹ kí ó wá. Ọwọ́ tí ó ti kọ́ iṣẹ́ ni ó fi kan irinṣẹ́ tí ó fi rí i. Sùúrù ni ó sì mú un jókòó nínú òkùnkùn títí ìmọ́lẹ̀ kékeré náà fi ta. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.